Ẹran Inú Ìda

Gíláàsì tó yẹ kó mọ́ tún ti pọ́n.

Olúwafúnmiláyọ̀ gbójú kúrò lórí máíkírósíkóòpù, ó nu òógùn ojú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tó ti kún fún àpá ni iṣẹ́ oyè kejì rẹ̀ dá lé, àti àwọn ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní lẹ́kítìn ló fi ń wá wọn. Ibi tí ṣúgà bá wà ni lẹ́kítìn ń dì mọ́, ibẹ̀ ni yóò sì pọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gba èsì náà gbọ́, ó ní láti kọ́kọ́ rẹ lẹ́kítìn díẹ̀ sínú ṣúgà títí yóò fi yó. Èyí tó bá ti yó kì í di ẹran mú. Gíláàsì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́.

Ti Fúnmi kò mọ́ rí. Ìgbàkigbà tó bá sì tún un ṣe, yóò tún gé ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára ẹ̀dọ̀ tí wọ́n fi ìda bò. Gígé ẹyọ kan ló kù kí ẹ̀dọ̀ náà tán.

"Bí kò bá mọ́ lọ́la, má wulẹ̀ yọjú síwájú ìgbìmọ̀," ni Dókítà Adétúnjí, ọ̀gá rẹ̀, sọ. "Gbogbo ìgbà lo ń fún lẹ́kítìn ní ṣúgà. Àbí o ti fi ṣe ọmọ ni?"

Fúnmi ṣílẹ̀kùn lábù. Ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fọwọ́ di ìhà ọ̀tún mú. Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ omi ń kán létí ṣòkòtò rẹ̀, ó ń rùn bí ẹrẹ̀ etí odò.

"Sister, abeg," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "No cut am again. E remain small."

Ara Fúnmi bù máṣọ. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára ìda náà. Ohun tó mọ̀ nípa ẹni tó ni ín kò ju pé ara òkú ni wọ́n ti gé e.

Ó ronú kan oyè náà, ó ronú kan ọ̀la.

"Ẹ má bínú, sà."

Ó ti ilẹ̀kùn. Bí abẹ ti la ìda kọjá, ẹnìkan mí kanlẹ̀ lóde.

Lọ́tẹ̀ yìí, gíláàsì náà mọ́ gaara.

"Olúwa ò, ẹ ṣé!" ló pariwo. Lẹ́yìn náà ló tún un wò. Kì í ṣe àwọ̀ nìkan ni kò sí. Kò sí àpá, kò sí ẹran. Ẹran a máa ṣí kúrò lára gíláàsì nígbà mìíràn, gbogbo oníṣẹ́ lábù ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fa àwọn ti àtẹ̀yìnwá yọ nínú páálí, àwọn tó pọ́n lánàá. Gíláàsì lásán ni gbogbo wọn.

Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ọkùnrin náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Obìnrin kan ló dúró ti bẹ́ńṣì, ó gbé kúlà oúnjẹ lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ igbe Fúnmi. Yorùbá tó kọ́ ní Èkó ló fi kí i.

"Ẹ káàsán o, sístà. Sotonye lorúkọ mi, láti Amadi-Ama, létí odò. Dagogo, ọkọ mi, ní òun ń bọ̀ wá bẹ̀ yín."

"Màmá…" Ohùn Fúnmi wọlẹ̀. "Ṣé wọn ò sọ fún yín pé ọkọ yín ti…"

"Wọ́n sọ fún mi. Ní wọ́ọ̀dù, lọ́dún tó kọjá. Mo sunkún délé, mo bá a nídìí tábìlì, ó ń retí oúnjẹ."

Ó fọwọ́ kan orí bẹ́ńṣì tí omi ṣì wà lórí rẹ̀, ó gbé kúlà náà mọ́ àyà.

"Èmi ò bi í ní nǹkan kan. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ ń wá lára rẹ̀?"