Ẹ Bá Mi Pa Fáànù Yẹn

Ẹsẹ̀ méjì ló kọ́kọ́ rí, ẹsẹ̀ ọkùnrin tó nà gbalaja lábẹ́ dùùrù, nínú ìbọ̀sẹ̀ tí àtàǹpàkò ti lu jáde. Ìyókù ara ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà wà nínú òkùnkùn abẹ́ ibẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìdì pósítà lábíyá, garawa àtè lọ́wọ́, ìdì kọ́kọ́rọ́ ní ìbàdí, inú sì ti ń bí i bọ̀ láti ọ̀nà.

Ta ni inú ò ní bí? Gbọ̀ngàn kékeré ni, bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá ti jókòó, ẹni tó kù á dúró, ṣùgbọ́n wàhálà inú rẹ̀ tó ti pápá ìṣeré. Ìrọ̀lẹ́ orin méjì ló ń bọ̀ lópin oṣù, orin ìbílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, orin òyìnbó ní ọjọ́ Sátidé. Onítẹ̀wé gbé ti Ẹtì sí Sátidé lórí pósítà, ó gbé ti Sátidé sí Ẹtì, ó wá ní kí wọ́n má bínú, ṣebí orin náà ni méjèèjì. Ọmọbìnrin náà dúró tì í títí ó fi tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ló bi ẹsẹ̀ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná," ni ohùn kan dáhùn láti abẹ́ dùùrù. "Kẹ́ ẹ sì bá mi pa fáànù yẹn. Ó ń kùn sí mi létí."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ilé tó ń gbá, tó ń nù, tó ń ṣí láàárọ̀, tó ń tì nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ ni àlejò ti ní kó dákẹ́. Ẹnu yà á débi pé ó lọ pa fáànù náà lóòótọ́. Ooru bò wọ́n. Ọkùnrin náà tẹ dùùrù lẹ́ẹ̀kan, ó fetí sí i títí ìró náà fi kú tán, kó tó wá fà jáde pẹ̀lú eruku lójú.

Ó ní kí ó má bínú, òun ni atúndùùrùṣe. Lẹ́yìn náà ó yí etí sí ìbàdí ọmọbìnrin náà. "Kọ́kọ́rọ́ yín náà ń dún," ló wí. "Èyí tó gùn jù nínú wọn dùn ju dùùrù yìí lọ."

Ọmọbìnrin náà ò mọ̀ bóyá kó dúpẹ́ ni àbí kó ju garawa àtè lù ú. Ó bi í pé ta ló rán an wá. Ó ní Bàbá Onífèrè ni. Bàbá Onífèrè yìí ni bàbá tó bí ọmọbìnrin náà, òun ló ni gbọ̀ngàn, jíjí tí wọ́n sì jọ jí nínú ilé kan náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sọ nǹkan kan fún un.

Iṣẹ́ ọ̀sán kan kọ́ ni dùùrù náà. Ó ti gbó, páànù òrùlé sì máa ń gbóná sí i lórí, wáyà tí wọ́n bá fà lónìí á ti dẹ̀ lọ́la. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà ṣe di ará ilé. Wọ́n ń pè é ní Elétí, nítorí kò sí yàrá tó lè jókòó sí kó má gbọ́ ohun tí kò bára mu níbẹ̀. Ó ta epo sí ilẹ̀kùn tó ń han. Ó fi bébà há ẹsẹ̀ àga tó ń mì. Ó ní bí kẹ́tù omi gbígbóná inú ọ́fíìsì bá fẹ́ hó, ariwo rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ọmọbìnrin náà ní kẹ́tù ni, kì í ṣe akọrin, kó fi í sílẹ̀ kó hó bó ṣe fẹ́.

Ó yọ ọ́ lẹ́nu, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Elétí ò bá wá, ọmọbìnrin náà máa ń dúró lójú fèrèsé ju bó ṣe yẹ lọ, inú á tún máa bí i sí ara rẹ̀ pé ó dúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó ń gbálẹ̀ láàárín àga, ó sì ń kọrin sẹ́nu bí ẹni tó wà ní òun nìkan. Nígbà tó yá, ó rí i pé iṣẹ́ ti dúró lábẹ́ dùùrù. Ó fi ìgbálẹ̀ lélẹ̀. Ó ní ó dáa, kí ló tún kù tí kò dára nínú eléyìí.

"Kò sí," ni Elétí wí. "Mo ti ń wá àléébù rẹ̀ látàárọ̀, mi ò rí i."

Ọmọbìnrin náà gbá ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Elétí ti ń pè é ní Oníkọ́kọ́rọ́ mi. Ó kọ́kọ́ ní kó má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tí kò gbọ́, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn kúrò nínú ìdì tirẹ̀, ó fún un, ó ní kó lè máa tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí oòrùn tó mú. Ìfẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà pátápátá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́n nínú àwọn méjèèjì mọ́.

Ó wá ku Bàbá Onífèrè. Bàbá yìí ló ń darí àwọn olórin ìbílẹ̀, fèrè igi tó sì ń fun, ọwọ́ bàbá tirẹ̀ ló ti gbà á. Lọ́dún yìí ó ní kí fèrè náà àti dùùrù jọ kọ orin tó gbẹ̀yìn lọ́jọ́ Ẹtì, tíṣà orin kan tó ti fẹ̀yìn tì ni yóò tẹ dùùrù. Elétí àti Oníkọ́kọ́rọ́ fẹnu kò pé bí ìdánrawò wọn bá parí, tí inú Bàbá dùn, ìgbà náà ni Elétí yóò sọ fún un pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ìdánrawò ò parí o. Bàbá fun fèrè, tíṣà tẹ dùùrù, méjèèjì kọ ẹ̀yìn síra wọn. Wọ́n tún un ṣe. Ó tún burú sí i. Bàbá mú fèrè kúrò lẹ́nu, ó ní, "Elétí, dùùrù rẹ tún ti bàjẹ́."

Oníkọ́kọ́rọ́ wà nídìí ilẹ̀kùn. Ó ń fi ojú bẹ Elétí, ó ń fi orí bẹ̀ ẹ́, díẹ̀ ló kù kó fi ọwọ́ bẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, dùùrù ò bàjẹ́," ni Elétí wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Fèrè yín ló rẹlẹ̀ díẹ̀."

Bàbá Onífèrè wé fèrè náà sínú aṣọ rẹ̀, ó sì lọ sílé láì dágbére fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá a nílé, ó ti jókòó sí yàrá, ó kọjú sí ògiri. Ó ní òun gbọ́ pé ọmọkùnrin yẹn ní ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ bá òun sọ. Kó má wulẹ̀ wá. Ẹni tó fojú àléébù wo fèrè òun, òun ò ní fi ọmọ òun fún un kó wá máa wá àléébù sí ìwúkọ́ àti ìhanrun òun lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Oníkọ́kọ́rọ́ bá Elétí jà nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní ṣé ẹnu ń yún un ni. Ó ní kí ló dé tí kò kàn sọ pé òun máa yẹ dùùrù náà wò. Ó ní òun mọ ọmọ ọdún mẹ́fà tó lọ́gbọ́n jù ú lọ.

"Mo lè bẹ Bàbá láti àárọ̀ di alẹ́," ni Elétí wí, "ṣùgbọ́n mi ò lè parọ́ fún wọn lórí ohun tí mo gbọ́. Bí mo bá parọ́ lórí fèrè wọn, lọ́jọ́ tí mo bá ní orin rẹ dùn, báwo lo ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni?"

Oníkọ́kọ́rọ́ mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ìyẹn ló wá bí i nínú jù. Ó ní kó lọ, kó má sì padà síbẹ̀ títí ìrọ̀lẹ́ orin méjèèjì yóò fi kọjá. Ó gbàgbé láti gba kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kúkú gbà pé ó gbàgbé.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Gbọ̀ngàn kún, àwọn olórin kọrin, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Nígbà tó kan orin tó gbẹ̀yìn, ọmọbìnrin náà lọ dúró lẹ́yìn aṣọ ìtàgé, ó di ojú, bí ẹni tó ń retí kí àwo já bọ́. Bàbá fun fèrè. Dùùrù dá a lóhùn. Wọ́n bára mu wẹ́kú, bí ẹni pé inú ilé kan ni wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà. Àwọn tó jókòó níwájú dìde. Bàbá alára fi apá aṣọ nu omijé ojú kó tó tẹrí ba fún wọn.

"Ṣé o rí i?" ló wí fún ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. "Dùùrù ló bàjẹ́. Ọmọ náà ti gbà, ó ti tún un ṣe. Ní kó wá rí mi lọ́la."

Oníkọ́kọ́rọ́ rí Elétí lẹ́yìn ògiri níta, níbi tó ti dúró gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìka rẹ̀ ti lé ròrò. Ó bi í pé kí ló ṣe.

"Fèrè ò lè wá bá dùùrù," ni Elétí wí, "mo bá fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn wọlé lóru, mo sọ dùùrù kalẹ̀ wá bá fèrè. Gbogbo wáyà rẹ̀."

Ìfẹ́ rẹ̀ gba ọmọbìnrin náà lọ́kàn pátápátá. Ṣùgbọ́n olùtọ́jú gbọ̀ngàn ṣì ni. "Orin òyìnbó ọ̀la ńkọ́?" ló bi í.

Elétí kò tíì ro ọ̀rọ̀ dé ọ̀la. Ó ti fi gbogbo ọkàn rò ó dé ọjọ́ Ẹtì, ibẹ̀ ló dúró sí. Oníkọ́kọ́rọ́ bi í bóyá ó lè fà á padà sókè láàárọ̀. Ó ní òun lè fà á. Ó bi í bóyá yóò dúró. Ó ní rárá, wáyà tí wọ́n bá sáré fà sókè á ti yọ̀ wálẹ̀ kí orin tó dé ìdajì.

"Irú èèyàn wo ni mo lọ kó sí lọ́wọ́ yìí?" ni Oníkọ́kọ́rọ́ bi ògiri. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó jẹ́ kí Bàbá máa gbà pé dùùrù ló bàjẹ́, ìyẹn nìkan ni. Elétí ní bí wọn ò bá bi òun, òun ò ní sọ.

Wọ́n dé lọ́sàn-án Sátidé láti dánra wò, àwọn oní-fáyólíìnì àti ọmọbìnrin kan tó ń fun fèrè onírin. Bàbá ti jókòó síwájú, ó múra dáadáa. Tíṣà tẹ dùùrù, ọmọbìnrin náà fun fèrè, ojú gbogbo wọn sì fà ro.

"Ta ló ba dùùrù yìí jẹ́?" ni onífèrè onírin bi wọ́n.

Bàbá ní kò bàjẹ́, àná ni wọ́n tún un ṣe. Onífèrè onírin tún fun un. Bàbá fetí sí i. Ìjà tó ti gbọ́ lọ́jọ́ ìdánrawò tirẹ̀ ló tún ń gbọ́ yẹn, àfi pé dùùrù ló wà nísàlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó yíjú sí Elétí, ó bi í pé kí ló ṣe sí i.

"Mo sọ ọ́ kalẹ̀ kó lè bá fèrè yín pàdé, Bàbá. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bi mi ni, ọwọ́ ọmọ yín ò sí níbẹ̀."

Oníkọ́kọ́rọ́ ló fọhùn, gbogbo ìbínú oṣù náà ló sì fi fọ̀ ọ́. Ó ní òun ò ní dá tíkẹ́ẹ̀tì padà fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí àwọn oní-fáyólíìnì dẹ okùn wọn, kí onífèrè onírin náà wá ohun tó máa ṣe sí tirẹ̀, kí wọ́n má sì wo òun báyẹn. Onífèrè onírin náà kùn, ṣùgbọ́n ó fa orí fèrè rẹ̀ jáde díẹ̀ kó lè gùn sí i, ó fun un, ó tún fà á. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó bá dùùrù mu. Àwọn oní-fáyólíìnì náà tẹ̀lé e, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Onífèrè ń wò wọ́n. Dùùrù ti sọ̀ kalẹ̀, fáyólíìnì ń sọ̀ kalẹ̀, fèrè onírin ti sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn nítorí fèrè igi kan tó wà nínú aṣọ lórí itan rẹ̀.

"Elétí. Nínú fèrè mi àti dùùrù, èwo ni kò ṣe déédéé?"

Oníkọ́kọ́rọ́ di ojú.

"Fèrè ni, Bàbá."

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. "Ìyá ọmọ mi yìí ló sọ ọ́ fún mi, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Mo bínú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí inú mi rọ̀, mo padà lọ bi í bóyá á fẹ́ mi. Látìgbà tó ti kú, kò sẹ́ni tó bá mi sọ òótọ́ lórí fèrè yìí mọ́, gbogbo wọn ní ó dùn." Ó nu imú. "Ó yá, kí lọ̀rọ̀ tó o fẹ́ bá mi sọ?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Oníkọ́kọ́rọ́ wí. "Àwọn èèyàn ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sì tíì bi èmi gan-an."

Bàbá ní òótọ́ ni. Ó ní kí Elétí lọ bi ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ná, ti òun ti tán.

Ní ọjọ́ Ajé, gbọ̀ngàn ti dákẹ́. Wọ́n ti já pósítà sílẹ̀, Elétí sì wà lábẹ́ dùùrù, ó ń fà á padà sókè díẹ̀díẹ̀, bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é. Oníkọ́kọ́rọ́ dùbúlẹ̀ tì í, ó ń bá a tan tọ́ọ̀ṣì. Ó ti pẹ́ tí Elétí ti ń tẹ ohùn kan náà, tó ń ya ẹnu, tó tún ń pa á dé.

Ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó fà jáde, ó lọ pa fáànù láì jẹ́ pé wọ́n sọ fún un. Ó tú ìdì kọ́kọ́rọ́ kúrò ní ìbàdí, ó gbé e lé orí pósítà kí ó má dún, ó sì padà wọ abẹ́ dùùrù.

"Ó yá," ló wí, "bi mí."

Elétí bi í. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi dáhùn, Elétí tó máa ń gbọ́ ìkùn fáànù láti ìsàlẹ̀ dùùrù sì ní òun ò gbọ́ dáadáa, kó tún un sọ.

"O gbọ́ mi, jàre," ni Oníkọ́kọ́rọ́ wí. Ṣùgbọ́n ó tún un sọ.