Ta Ló Ń Bú Akọ̀wé?

Kí oòrùn ọjọ́ Ọjọ́rú tó gun òkúta Ìdànrè, èébú tuntun ti délẹ̀ lórí Fésíbúùkù. Àwòrán Alhaji Búrẹ́mọ̀ tó ń ra kòkó ní Aládé ló wà lókè rẹ̀, tòun ti fìlà àti ẹ̀rín. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Ẹ̀rí Ọkàn kọ ọ́ sí pé: “Akọ̀wé, òpùrọ́ ni yín. Ojú ò tì yín. Ẹ mọ ohun tí ẹ mọ̀, ẹ pa ẹnu mọ́, ẹ sì ń sùn. Ajá sàn jù yín lọ.” Irú rẹ̀ ti pọ̀ láti bí oṣù kan. Gbogbo ìlú ń kà á, wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn, wọ́n á wá tún lọ máa bá Alhaji kẹ́dùn bí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Tíṣà Olúlékè láti Atosin ni Alhaji nawọ́ sí. Kó tó di ọ̀sán, tíṣà ti wà ní àhámọ́ ní téṣàn ọlọ́pàá Òdòde. Ọ̀gá téṣàn ní bílẹ̀ bá mọ́, Àkúrẹ́ ni wọ́n ń gbé e lọ, kí wọ́n fi òfin orí ayélujára pè é lẹ́jọ́. Bó bá sì dé ọ̀hún, iṣẹ́ tíṣà ti bọ́ nìyẹn. Ìnsípẹ́kítọ̀ Ògúnníyì ni wọ́n ní kó wádìí ọ̀rọ̀ náà.

“Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?”

“Èmi kọ́,” ni Olúlékè wí. “Òótọ́ ni mo bú u lóṣù tó kọjá, nítorí kòkó tó ń sá sí pápá ilé ẹ̀kọ́ wa. Mo ní Búrẹ́mọ̀, olójúkòkòrò ni ọ́. Orúkọ mi ni mo fi kọ ọ́, àwòrán mi sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ti là á mọ́lẹ̀ lójú ayé, kí ló tún ń fara pamọ́ sí?” Ó di irin àhámọ́ mú. “Ọ̀gá, bí èébú bá ń gbéni dé ẹ̀wọ̀n, ta ni yóò ṣẹ́kù ní Ìdànrè tí yóò ká kòkó?”

Ògúnníyì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó kọjá sí Aládé, ó bá Alhaji láàárín àwọn àpò kòkó níwájú ilé rẹ̀.

“Alhaji, ṣé èébú lásán tó ohun tí à ń ti èèyàn mọ́lé fún?”

“Ẹyin lohùn, Ìnsípẹ́kítọ̀. Bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn àgbẹ̀ ti ń ru kòkó wọn kọjá ìsọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ṣé ìyẹn náà lásán ni?”

“Ta ló ń pè yín ní Akọ̀wé?”

Alhaji kọ́kọ́ bojú wo ẹ̀yìnkùlé kó tó dáhùn. “Kò sẹ́ni kankan. Yẹ̀yẹ́ ni tíṣà yẹn ń fi mí ṣe, torí pé mi ò kàwé.”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ògúnníyì jókòó síwájú yàrá tó háyà ní Òdòde, búrẹ́dì gbígbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá síbí, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wà ní Ọ̀fà, àárò wọn sì ń sọ ọ́ gan-an. Òkúta dúdú tó yí ìlú ká ń dára lójú àlejò, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ògiri ni. Fóònù dún. Olútóyìn ìyàwó rẹ̀ ni, inú ń bí i.

“Bàbá Ìmọ́lẹ̀, ẹ bá mi kìlọ̀ fún Eyínfúnjowó o! Wọ́n gbé ọ̀kadà yín lọ láti ìjẹta, wọn ò dá a padà. Aláìnítìjú ni wọ́n!”

Ògúnníyì bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀ ló ń jẹ́ Eyínfúnjowó, lẹ́nu Olútóyìn nìkan. “O ò lè pe orúkọ rẹ̀ kó o tó bú u?”

“Èèwọ̀! Ẹni tí mo bá nílé ọkọ? Mo ní mò ń bú wọn ni, mi ò ní wọ́n ti di ẹgbẹ́ mi.”

Ẹ̀rín náà dá mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní kí ìyàwó òun tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ, ìyẹn sì tún un sọ. Nígbà tí ohùn rẹ̀ lọ tán lórí fóònù, ọkùnrin náà ṣí Fésíbúùkù, ó tún èébú Ẹ̀rí Ọkàn kà.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tó fi dé ẹ̀yìnkùlé Alhaji. Obìnrin kan ń fi ẹsẹ̀ da kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní. Sìdíkàt ni, ìyàwó Mùsbáù, ẹ̀gbọ́n Alhaji. Mùsbáù ti bá ọ̀nà Gàbọ́ọ̀nù lọ láti ìgbà tí Amatullah ọmọ wọn ti ń rákòò. Amatullah ti wọ yunifásítì báyìí, Sìdíkàt ṣì ń wo ọ̀nà.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Alhaji Búrẹ́mọ̀ ńkọ́?”

“Akọ̀wé? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde síwájú ilé ni.”

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró nínú kòkó. Ó ti gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ògúnníyì ní kí wọ́n pe Alhaji wá síbẹ̀.

“Tíṣà bú yín, Alhaji,” ni ó bẹ̀rẹ̀. “Orúkọ yín ló sì pè, bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe ṣe yín. Ẹ̀rí Ọkàn ní ajá sàn jù yín lọ, síbẹ̀ kò dárúkọ yín rí, kò sì yé bọ̀wọ̀ fún yín. Èébú tó kúnlẹ̀ ni. Ta ní ń kúnlẹ̀ bú èèyàn, bí kò ṣe ìyàwó ilé? Ẹ sì mọ orúkọ tí ìyàwó ilé sọ yín. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ ti mọ̀, ẹ wá lọ nawọ́ sí tíṣà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí a bá mú ìyá yìí, a ó bi í ní ohun tó ní ẹ mọ̀ tí ẹ ò sọ. Ìyẹn lẹ ń sá fún.”

Sìdíkàt na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. “Èmi ni. Ẹ mú mi, kí ẹ tú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Amatullah ló kọ́ mi ní Fésíbúùkù kí n lè máa rí òun. Mo wá bàbá rẹ̀ títí níbẹ̀. Bí mo bá bi Akọ̀wé, wọ́n á ní kí n ṣe sùúrù. Mo wá rò ó pé bí mo bá bú àbúrò wọn dójú ikú, inú á bí bàbá Amatullah, wọ́n á jáde wá gbèjà. Kódà kí wọ́n bú mi. Ṣáà ti jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan.”

Alhaji ṣí fìlà, ó sì tẹrí ba. “Bọ̀dá wà láàyè, ìyàwó wa. Wọ́n ti fẹ́ ẹlòmíràn lọ́hùn-ún, wọ́n ti bímọ. Àwọn ni wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má sọ.”

“Wọ́n wà láàyè?” Ojú Sìdíkàt tàn, omi sì bọ́ níbẹ̀. “Alhamdulilahi. Ṣé wọ́n rí ohun tí mo kọ?”

“Wọ́n ń kà á. Akọ̀wé tí o kọ síbẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń pè mí: ‘Kí ló tún kọ lónìí?’”

Ògúnníyì pe téṣàn pé kí wọ́n tú Olúlékè sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wí pé, “Èébú yìí, ilé ni kí ẹ ti parí rẹ̀. Irọ́ tí ẹ pa fún ọlọ́pàá ni tèmi, Alhaji. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Òdòde.”

Bí wọ́n ṣe yíjú, Sìdíkàt kúnlẹ̀ sínú kòkó.

“Ẹ má bínú, Akọ̀wé. N ò ní bú yín mọ́ láéláé.” Ó fi gèlè nu ojú. “Ṣùgbọ́n kí ni n óò wá máa kọ, tí bàbá Amatullah yóò fi máa kà á?”