Iṣẹ́ Ṣakí àti Ìlérí Òkè-Òkun

Ní àsìkò òrí, kò sí agbo ilé kan ní Àgọ́-Àrẹ tí òórùn òrí gbígbóná kì í wọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́bọ̀ kan, Àwáwù dúró ti agbada ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi orógùn ro òrí tó ń hó. Ọmọ rẹ̀, Ràmọ́nì, jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó tẹjú mọ́ fóònù.

"Àkànní, ṣé wọ́n ti dáhùn?"

"Wọn ò tíì dáhùn, Màámi. Wọ́n ní kí n ṣì ní sùúrù."

"Ohun tí wọ́n sọ nígbà tí à ń kọ ebè náà nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì ni Ràmọ́nì. Ilé ìwòsàn aládàáni tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ló kógbá sílé, ló bá padà wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ilé ìwòsàn kan ní ìlú Òyìnbó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí fóònù, wọ́n yìn ín, wọ́n ní àwọn yóò kàn sí i. Láti ìgbà náà, Ràmọ́nì kì í fẹ́ jìnnà sí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Bí fóònù bá ti dún báyìí, á sáré gbé e.

Ní àná ọjọ́ náà ni ilé ìwòsàn kan ní Ṣakí kọ̀wé pé àwọn ti gbà á síṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti owó oṣù rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀gá sì ti buwọ́ lù ú. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì.

"Mo fẹ́ kọ̀ ọ́, Màámi. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ní Ṣakí, tí ìlú Òyìnbó wá pè mí ńkọ́?"

Àwáwù gbé orógùn sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ ti lọ síbi tó jìnnà.

"Ǹjẹ́ o rántí ọdún tí à ń retí katakata?"

Ràmọ́nì rántí díẹ̀. Ó kéré nígbà náà. Àwọn kan ti wá sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé katakata ń bọ̀ wá bá wọn túlẹ̀ oko wọn. Sàlàkọ́, bàbá Ràmọ́nì, tí kò sẹ́ni tó mọ ebè kọ bíi tirẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà, fi ọkọ́ rẹ̀ há àjà.

"Òjò rọ̀, àwọn ará ibí ń kọ ebè," Àwáwù ń sọ̀rọ̀ lọ. "Bàbá rẹ á dé fìlà, á lọ dúró létí títì. Bó bá ti gbọ́ ìró lọ́rì, á pariwo, 'Àwáwù, òun nìyẹn!' Inú rẹ̀ á dùn bí ọmọdé. Títí dòní, bí lọ́rì bá ń bọ̀, ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́."

"Ṣé katakata náà wá dé, Màámi?"

"Ó dé. Àgbàdo ti gbó lóko olóko nígbà náà. Iṣu Ládòkun, aládùúgbò wa, la jẹ lọ́dún yẹn, Ọlọ́run kẹ́ ẹ."

Àwáwù tún mú orógùn. Òrí ń hó.

"Ṣé kí n gbàgbé ìlú Òyìnbó nìyẹn?"

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. N ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìyá Gbémisọ́lá wà ní Ṣakí."

Dayọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló fi ọ̀kadà gbé e lọ. Bí Dayọ̀ ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lójú ọ̀nà, ó ní, "Kí ló le níbẹ̀? Gba iṣẹ́ náà, má sọ nǹkan kan fún wọn. Lọ́jọ́ tí Òyìnbó bá pè ọ́, sá lọ."

Rẹ̀mílẹ́kún lorúkọ Ìyá Gbémisọ́lá. Ó pẹ́ gan-an lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Òyìnbó kó tó fẹ̀yìn tì, tó sì padà sí Ṣakí. Wọ́n bá a níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Òjò kékeré kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

"Ẹ gbọ́ òórùn ilẹ̀ yìí wò," ó sọ fún wọn. "Nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún, bí òjò bá rọ̀, mo máa ń ṣí fèrèsé bóyá n ó gbọ́ òórùn ilẹ̀ bí irú eléyìí. N ò gbọ́ ọ rí. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ibẹ̀ ni mo fi kọ́ ilé yìí o. N ò ní bá yín bú ibẹ̀."

Ràmọ́nì ro ẹjọ́ tirẹ̀. Màmá náà tẹ́tí sí i títí tó fi parí.

"Ṣé wọ́n ti fi ìwé àdéhùn tí wọ́n buwọ́ lù ránṣẹ́ sí ọ?"

"Rárá, mà."

"Ṣé wọ́n ti dá ọjọ́ fún ọ?"

"Wọn ò tíì dá a."

"Físà ńkọ́?"

"Kò tíì sí, mà."

"Ìrètí lo ní nígbà náà. Ìrètí dára, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́. Ti Ṣakí niṣẹ́."

"Ẹnì kan tún pè mí, mà, ó ní tí mo bá fún òun ní nǹkan, òun á bá mi tì í síwájú."

"Má fún un ní kọ́bọ̀! Ilé ìwòsàn tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ kì í rán èèyàn wá gba owó lọ́wọ́ rẹ."

Ràmọ́nì wo Dayọ̀ kó tó sọ ìmọ̀ràn tó fún un lójú ọ̀nà. Màmá náà mirí.

"Ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ gbà ọ́ lókè òkun yóò bi àwọn ti Ṣakí irú ẹni tí o jẹ́. Kí ni kí wọ́n sọ? Pé o sá lọ? Àwọn ọmọ tí o fi sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ka ìwé àdéhùn wọn dáadáa. Béèrè iye ọjọ́ tó yẹ kó o fi sọ fún wọn ṣáájú bí o bá fẹ́ kúrò. Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí àwọn Òyìnbó náà, sọ pé o ti ríṣẹ́, àmọ́ o ṣì fẹ́ tiwọn, kí wọ́n sọ ìgbà tí wọ́n rò pé yóò bọ́ sí. Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi. Nọ́ọ̀sì tó bá sì jókòó sílé pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á kú. Àwọn náà á bi ọ́ léèrè pé kí lo ti ń ṣe."

Dayọ̀ fọwọ́ họrí. "Màmá, ẹ má bínú. Mi ò rò ó débẹ̀."

Ní ọjọ́ Ajé, Ràmọ́nì lọ sí ilé ìwòsàn náà. Bó ṣe ń gba iwájú wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé kọjá, ó rántí ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá síbẹ̀ láti Àgọ́-Àrẹ, tí ibà ń gbọ̀n ọ́n. Ó rántí ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ tó tutù fún òógùn, àti nọ́ọ̀sì kan tó pè é ní "ọkọ mi" kó tó gún un lábẹ́rẹ́. Ọjọ́ yẹn ló sọ pé nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe.

Ó sọ òótọ́ fún Fadékẹ́, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, pé òun ṣì ń retí ìpè láti ìlú Òyìnbó. Ìyá náà tún gbé ìwé àdéhùn náà wò, Ràmọ́nì rò pé iṣẹ́ ti bọ́.

"Bí o bá fẹ́ lọ, oṣù kan ṣáájú ni kí o sọ fún wa," ó ní níkẹyìn. "Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ló ti lọ. Àwọn tó sá lọ ló dùn mí, kì í ṣe àwọn tó dágbére."

Ràmọ́nì buwọ́ lu ìwé náà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó kọ̀wé sí àwọn Òyìnbó bí Ìyá Gbémisọ́lá ṣe ní kó ṣe.

Nígbà ọyẹ́ ni èsì ìlú Òyìnbó tó dé. Wọ́n ní àwọn ti dá gbígba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun dúró ná, pé kó má bínú. Ràmọ́nì jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn wọ́ọ̀dù. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti gbé ìlú náà tipẹ́, ó ti mọ àwọn òpópónà rẹ̀. Ó pe ìyá rẹ̀.

"Ó dùn mí, Màámi."

"Ó gbọ́dọ̀ dùn ọ́, Àkànní. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. Wọ́n ń pè mí. Ọmọ kan ń sunkún nínú wọ́ọ̀dù."

"Lọ dá a lóhùn."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí iṣẹ́ méjì bá dojú kọ yín, tí ọ̀kan dájú, tí ìkejì ń falẹ̀, ẹ béèrè èwo ló ní ìwé àdéhùn tí wọ́n buwọ́ lù àti ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má san owó fún ẹni tó bá ní òun yóò bá yín ti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ síwájú. Ẹ ka ohun tí ẹ fẹ́ buwọ́ lù, pàápàá ibi tó ti sọ bí èèyàn ṣe lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún àwọn méjèèjì. Bí ìpè bá sì dé lẹ́yìn náà, ẹ dágbére dáadáa kí ẹ tó lọ. Ràmọ́nì ṣì ń wá ọ̀nà ìlú Òyìnbó, ẹnu iṣẹ́ ló sì ti ń wá a.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni má rìnrìn àjò. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ẹ má ṣe dá ayé yín dúró de ẹni tí kò tíì dá ọjọ́ fún yín.