Ohun Tí Àpótí Abẹ́ Àga Rí

Ọkọ̀ pupa náà kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀ ni wọ́n gbé e lé, ọkùnrin kan sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lára, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ojú fèrèsé ọ́fíìsì òkè ilé iṣẹ́ tó ń ta irú ọkọ̀ náà ni ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìí ti rí i. Ọkùnrin náà ga, èérún igi wà nínú irun rẹ̀, kò sì jọ pé ó mọ̀ pé èérún náà wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí ti rí àwọn tó máa ń fi ìbínú ta ọkọ̀ nípàá nígbà tó bá kú sí wọn lọ́wọ́. Kò tíì rí ẹni tó ń tu ọkọ̀ nínú rí. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kankan kò pè é síbẹ̀.

"Kí lẹ ń sọ fún un?" ó béèrè.

Ọkùnrin náà kò tijú rárá. "Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé mo ti mú un dé ilé àwọn tó bí i."

"Àwa kọ́ la bí i o. Alágbàtọ́ lásán ni wá."

"Ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀ nígbà náà. Káfíńtà ni mí, kò sì sí igi kankan lára rẹ̀ tí mo lè bá a tún ṣe."

Ẹlẹ́rìí rẹ́rìn-ín dé eyín inú. Bàbá ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ tó gbé ọkọ̀ pupa wá, àgbàlagbà tó múra dáadáa, jígí dúdú lójú, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó ń fi ìka kan tọ ara ògiri bó ti ń rìn, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n kùn ún dáadáa. Ogójì ọdún ló fi wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, Bàbá Dírẹ́bà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì ló ra ọkọ̀ pupa yìí, èyí tó yára jù nínú gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ náà ń tà, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ á máa wà á, òun á jókòó pẹ̀sẹ̀. Àwọn èèyàn ní ó ń jayé orí rẹ̀, kò sì bá wọn jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí Ẹlẹ́rìí ń ṣe, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Lábẹ́ àga dírẹ́bà nínú irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, àpótí dúdú kan wà tí kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Gbogbo ìrìn ọkọ̀ ló ń kọ sílẹ̀: eré tó sá, ìgbà tí wọ́n tẹ bíréèkì, ibi tó lọ, bó ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ra ọkọ̀ ni kò mọ̀, nítorí inú ìwé ọkọ̀, ní ojú ìwé kẹtàdínlọ́gọ́ta, ni wọ́n kọ ọ́ sí ní lẹ́tà wínníwínní. Ẹlẹ́rìí ló máa ń so àpótí náà mọ́ kọ̀ǹpútà, tó ń ka ohun tó wà níbẹ̀, tó sì ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Kì í fi kún un, kì í yọ níbẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ pupa ti kú pátápátá, ṣùgbọ́n ìwé gàráńtì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ti ṣèlérí pé láàárín ọdún mẹ́ta, àwọn á pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá bàjẹ́, àfi tí ẹni tó ni ọkọ̀ bá fi í sá eré ìdíje. Àpótí wá sọ pé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ọkọ̀ náà sá eré igba kìlómítà ó lé ọgbọ̀n ní wákàtí kan, fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ẹlẹ́rìí kọ ọ́ bó ṣe rí i. Ọ̀gá fi òǹtẹ̀ lù ú pé gàráńtì ti parẹ́.

Káfíńtà kò pariwo nígbà tó dé. Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì níwájú tábìlì Ẹlẹ́rìí, ó sì gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Mi ò sá irú eré bẹ́ẹ̀ rí láyé mi."

"Àpótí kì í purọ́."

"Mi ò ní ó purọ́. Mo ní kẹ́ ẹ bi í léèrè dáadáa."

Ẹlẹ́rìí fẹ́ ti lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀, dúrọ́ọ̀ sì há, bó ṣe ti ń há láti ọdún méjì. Káfíńtà ní kó yọ̀ǹda fún òun. Ó fà á yọ, ó mú ọ̀bẹ kékeré kan látinú àpò, ó fá etí igi níbì kan, ó sì tì í padà. Dúrọ́ọ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Ẹlẹ́rìí ṣí dúrọ́ọ̀ náà tó ìgbà mẹ́wàá láìwá nǹkan kan níbẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè é lórí fóònù. Ó ní tábìlì òun náà ń mì, ó sì mọ̀ pé kò mì. Káfíńtà wá, ó gbé ọwọ́ lé tábìlì, ó wo Ẹlẹ́rìí lójú, ó ní àìsàn yìí le, pé á gbà tó oṣù mẹ́ta kóun tó lè wò ó sàn. Láti ọjọ́ yẹn ni Ẹlẹ́rìí ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Á jókòó sórí àga tí kò tíì parí, á máa gbóòórùn igi tútù. Káfíńtà á máa fi igi kọ̀ọ̀kan hàn án, á sì ní kó fi imú mọ orúkọ wọn. "Ẹ" tí wọ́n ń pe ara wọn di "o" láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

"Ìyáàfin Ẹlẹ́rìí," ó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, "ṣó o ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo wò ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú kan?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Èmi kì í yọ níbẹ̀."

Inú wọn ń dùn, wọn kò sì fi pa mọ́. Bàbá Dírẹ́bà nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni nínú ilé òun tó bá ti ilé iṣẹ́ tó pe ọmọ òun ní òpùrọ́ wá. Káfíńtà ní kí Ẹlẹ́rìí fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun, pé bàbá òun á rọ̀. Bóyá ì bá tiẹ̀ rọ̀ lóòótọ́, ká ní Ẹlẹ́rìí kò fi ẹnu ara rẹ̀ ba nǹkan jẹ́.

Ní Sátidé kẹfà, ayùn oníná kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka Káfíńtà, ó ku díẹ̀ kó gé e. Ẹlẹ́rìí di ọwọ́ náà mú, ọ̀rọ̀ tó ti ń dùn ún níkùn láti ọjọ́ pípẹ́ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Olólùfẹ́ mi, gbogbo Ọjọ́bọ̀ tó o máa ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lórí òkè yẹn, kí ni wọ́n ń sọ fún ẹ?"

Káfíńtà pa ayùn náà.

"Mi ò sọ fún ẹ rí pé mò ń lọ síbì kankan ní Ọjọ́bọ̀."

Ẹlẹ́rìí gbọ́ ohun tóun fẹnu ara òun sọ. Ó gbìyànjú láti sọ pé iṣẹ́ òun ni.

"Eré tí mo sá ni iṣẹ́ rẹ," Káfíńtà dáhùn. "Ibi tí mo lọ ńkọ́?"

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó rán an. Ọkùnrin tó ń tu ọkọ̀ nínú ló wù ú, ló bá ṣí ibi tí kò kàn án, ó sì ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún ìgbésí ayé ẹni ẹlẹ́ni tán lórí ìjókòó kan.

"Kì í ṣe ojú mi," ni Káfíńtà wí. Ohùn rẹ̀ kò le, ìyẹn ló sì dun Ẹlẹ́rìí jù. "Àṣírí ẹlòmíràn ni, mo sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé mi ò ní sọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa gbé pẹ̀lú ẹni tó ti débi tí mo lọ kí n tó sọ fún un?"

Ó fi aṣọ bo ayùn rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí kò sin ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹlẹ́rìí sunkún lọ́jọ́ Sátidé, ó sì tún sunkún lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó fọ ojú rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí Káfíńtà sọ kò kúrò létí rẹ̀: kẹ́ ẹ bi í léèrè dáadáa. Ó so àpótí mọ́ kọ̀ǹpútà, kò sì ṣí ju ìṣẹ́jú mẹ́rin tí wọ́n ń jà lé lórí lọ. Ó yẹ ohun tí kò yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀. Fún ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn, sítíárìn kò yí rárá, sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ta ló lè sá irú eré bẹ́ẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má yẹ̀ díẹ̀? Ó wá wo ibi tí ọkọ̀ wà. Ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Ojú kan náà sì ni ṣọ́ọ̀bù ilé iṣẹ́ tòun fúnra rẹ̀ jókòó sí.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ìwé iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì. Ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ri rólà mọ́lẹ̀, irin róbótó méjì tí wọ́n máa ń gbé táyà lé tí wọ́n bá fẹ́ dán ẹ́ńjìnnì wò. Táyà á máa yí lórí rẹ̀ bíríbírí, ọkọ̀ kò sì ní kúrò níbi tó wà. Ẹni tó bá ń ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì kan, kí àpótí lè mọ̀ pé ìdánwò ni. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, nígbà tí ọkọ̀ pupa kọ́kọ́ wá fún àyẹ̀wò, wọ́n gbé e sórí rólà ní aago mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó tẹ bọ́tìnì. Orúkọ ẹni tó ṣe ìdánwò náà wà níbẹ̀: orúkọ Ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ ni, ní ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀, láti ìgbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nídìí rólà.

Ó gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn búburú, ẹ̀rù ló máa ń bà á. Ó kà á, ó nu ojú, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi àti àpótí."

"Àpótí kì í sọ̀rọ̀ tá ò bá bi í."

"Èmi máa ń sọ̀rọ̀, ọ̀gá."

Ẹlẹ́rìí kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́, ó fọwọ́ sí i, ó sì sọ ọ́ kedere pé òun ni ẹni tó gbàgbé bọ́tìnì. Àwọn mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n rí i pé pọ́ǹpù ọ́ìlì inú rẹ̀ ti ní àbùkù láti ilé iṣẹ́. Gàráńtì padà sípò. Wọ́n gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ Ẹlẹ́rìí, wọ́n ní kó padà sídìí rólà. Ojú kò tì í. Ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́, sípánà kò sì ṣàjèjì sí i.

Ohun kan ló kù. Gbogbo ìrìn ọkọ̀ pupa ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀ nìkan, ìyẹn Bàbá Dírẹ́bà, ló sì lè fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pa á rẹ́. Ẹlẹ́rìí gba fọ́ọ̀mù náà. Ó ti ro ọ̀rọ̀ "kì í ṣe ojú mi" lọ, ó ti rò ó bọ̀. Ó rántí jígí dúdú, ó rántí ìka tó ń tọ ara ògiri. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn fi èékánná tẹ ìlà ìfọwọ́sí orí fọ́ọ̀mù náà títí tó fi wọnú bébà, ó sì gbéra lọ sílé wọn.

Káfíńtà ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wo ara wọn. Bàbá Dírẹ́bà béèrè láti pálọ̀ pé ta ni.

"Èmi tí mo ba orúkọ ọmọ yín jẹ́ ni, Bàbá. Mo wá tún un ṣe."

Ó kúnlẹ̀, ó ka lẹ́tà tó kọ fún ilé iṣẹ́ sókè, títí kan ibi tí ẹ̀bi ti jẹ́ tirẹ̀. Ó ka fọ́ọ̀mù náà tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ kan kò ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn náà ló gbé e sórí tábìlì, ó sì fi bírò lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Káfíńtà sún mọ́ wọn láti ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, bó ṣe máa ń ṣe. Kò tíì débẹ̀ tí ìka bàbá fi rí ìlà tí èékánná ti tẹ̀ sínú bébà. Ìka náà tọ̀ ọ́ lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀. Bàbá fọwọ́ sí i gbọọrọ, lórí ìlà gan-an. Kò gbé bírò sílẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ọkọ̀ yín ni, Bàbá. Mo sì gbọ́ ohun tí kò yẹ kí n gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Ta ni ìwọ wá sọ fún?"

"Kò sí."

Bàbá Dírẹ́bà yọ jígí rẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí kò ti yọ ọ́ níwájú àlejò. "Ogójì ọdún ni mo fi wakọ̀," ó wí. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní dírẹ́bà tí kò ríran. Ojú mi ń ṣú, ọmọ mi. Èmi ni mo sọ ọ́ fún ẹ báyìí, kì í ṣe ọkọ̀." Ó nawọ́ wá orí rẹ̀, ó rí i, ó sì gbé ọwọ́ lé e. Omi bọ́ lójú Ẹlẹ́rìí. Káfíńtà ti yíjú sí ògiri, òun náà ń nu tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ̀ pupa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde nílé iṣẹ́, ẹ́ńjìnnì tuntun ń kùn nínú rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni, ọ̀sán gangan. Kó tó kọjá ẹnu ọ̀nà, ó dúró síwájú rólà, Bàbá Dírẹ́bà jókòó níwájú. Káfíńtà sọ̀ kalẹ̀, ó wá bá Ẹlẹ́rìí, ẹni tí ọ́ìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mò ń gbé Bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní aago méjì," ó wí. "Èmi ni mo sọ fún ẹ."

"Mo gbọ́."

"Ó ku ọ̀kan. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, mo fẹ́ wà níwájú ẹni tó ń so tọkọtaya pọ̀. Mò ń sọ fún ẹ kí àpótí kankan tó mọ̀. Ìwọ ńkọ́, olólùfẹ́ mi? Níbo lo máa wà?"

Ẹlẹ́rìí nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ iṣẹ́ dáadáa kó tó di ọwọ́ Káfíńtà mú.

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ni. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Bàbá Dírẹ́bà yí gíláàsì ọkọ̀ wálẹ̀. "Mo ti gbọ́ ọ," ó wí. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wọlé ká máa lọ."