Ìkòkò Omi Iyọ̀ Ketaki

Ọwọ́ ọkùnrin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi inú ìkòkò tó wà lẹ́yìn ìtàgé nígbà tí Ketaki fi igi ọparun gbá a.

"Iná wà nínú omi yẹn, ọ̀gá. Ẹ lọ ṣan ọwọ́ níbòmíràn."

Nirmalyo nìyẹn, òṣèré tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìlú Howrah ní Íńdíà mọ̀, nítorí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wọn ló ti máa ń ṣeré ìyanṣẹ́lódì. Òróró ìgbá díndín ṣì wà ní ìka rẹ̀.

"Kí lomi ń wá nídìí iná?"

"Omi iyọ̀ ni. Bí mo bá ri irin yìí sísàlẹ̀, iná orí ìtàgé á mọ́lẹ̀ sí i. Bí mo bá fà á sókè, á ṣú díẹ̀díẹ̀."

"Àṣé ọwọ́ yín lojú mi wà."

Kò pẹ́ tí wọ́n jọ ń mu tíì nínú ife amọ̀. Ṣùgbọ́n Ketaki ṣàkíyèsí ohun kan: ibikíbi tí Nirmalyo bá jókòó, ojú rẹ̀ á wá ìmọ́lẹ̀ rí. Inú ìmọ́lẹ̀ ló ti ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn. Ṣé ìfẹ́ ni, àbí eré?

Nígbà tó yá, oní-fíìmù kan ní Tollygunge, àdúgbò tí wọ́n ti ń ya fíìmù, fẹ́ sọ ọ́ di olórí òṣèré, bí ó bá lè jáwọ́ nínú eré ìyanṣẹ́lódì.

"Mi ò ní lọ," Nirmalyo wí, ó kọjú sí fèrèsé.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ àwọn oní-fíìmù náà lọ.

Ọkàn Ketaki dàrú. Bí kò bá ní lọ, kí ló gbé e lọ? Bí ó bá sì ti lọ, kí ló dé tí bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ìtàgé?

"Òṣèré tí kì í purọ́," bàbá Ketaki wí, "ebi ni yóò pa á."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ eré, Nirmalyo dé, ó gba orí ìtàgé lọ tààrà. Ibi tó ti yẹ kó sọ fún ìyàwó rẹ̀ inú eré pé òun ò ní lọ, ó kúrò nínú ìmọ́lẹ̀, ó wá bá Ketaki nínú òkùnkùn.

"Àwọn oní-fíìmù ya àwòrán ojú mi wò," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó rẹwà, àmọ́ mi ò mọ ẹni tó ni í. Mo ní rárá fún wọn. Ketaki, fẹ́ mi."

Ketaki ò mọ̀ bóyá kó ri irin ni tàbí kó fà á. "Padà síbẹ̀, àwọn èèyàn ń wò. Ṣé eré nìyí?"

"Òkùnkùn rèé. Ta ni mò ń ṣeré fún?" Ó na ọwọ́ sórí ìkòkò. "Àbí kí n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí o tó gbà?"

Ọparun tún gbá a.

"Gbé e kúrò. Ọwọ́ yẹn ló máa fi osùn pupa sí ìlà irun mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó."

Ó rọra ri irin náà. Ìtàgé mọ́lẹ̀, Nirmalyo sì sáré padà lọ bá ìyàwó rẹ̀ inú eré, tó ti ń bá afẹ́fẹ́ jà láti ìgbà yẹn.