Irinwó Orúkọ Tó Sọnù ní Tverrvik

Òǹtẹ̀ ara àpòòwé náà kò já. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti là á ní ọ́fíìsì ìjọba ní Oslo, ìwé funfun lásán ni wọ́n bá nínú rẹ̀, wọ́n sì dá a padà.

Torgrim, ọlọ́pàá àgbà Tverrvik, tẹjú mọ́ ọn. Irinwó ènìyàn ló fọwọ́ sí ìwé tó yẹ kó wà níbẹ̀, pé àwọn ò fẹ́ kí wọ́n da ìjọba ìbílẹ̀ àwọn pọ̀ mọ́ ti Storneset. Orúkọ tirẹ̀ ló ṣáájú. Ọjọ́ tí wọ́n dá ti kọjá báyìí. Tí ọdún 1964 bá wọlé, Tverrvik ò sí mọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi ìda pupa lẹ àpòòwé náà níṣojú gbogbo ìgbìmọ̀. Wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú òǹtẹ̀ títí di Mọ́ńdè. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ Borghild akọ̀wé, ìkejì lọ́wọ́ Anstein alága.

“Wọ́n ní ará Storneset lo fẹ́ fẹ́,” Torgrim sọ fún Borghild.

“Ẹ bá mi wá ọkọ ní Tverrvik níbí, ọ̀gá, kí n rí ẹni tí eyín rẹ̀ pé! Ìka mi wú níbi tí mo ti ń tẹ ìwé yẹn.”

Gaute tó ń kó lẹ́tà fa ojú ro. “Èmi? Ibo ni mo ti fẹ́ rí òǹtẹ̀?”

Òótọ́ ni. Torgrim fi ọ̀bẹ ha ìda náà. Èérún dúdú wà nínú pupa. Ìda dúdú, lẹ́tà ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń fi í lẹ̀. Lọ́dún yẹn, ilé kan ṣoṣo ló kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní Tverrvik. Torgrim fúnra rẹ̀ gba ọ̀kan nígbà tí Ingerid, ìyàwó Anstein, kú.

Ó bá Anstein nídìí kọfí.

“Síbí wo lo fi yọ́ ìda, Anstein?”

Anstein gbé ife sílẹ̀. “Èyí tí mo fi yọ́ ti òkú Ingerid. Mo rò pé mo fọ̀ ọ́ mọ́.”

“Ìwọ tó ò ń pariwo pé a ò ní gbà!”

“Storneset ṣèlérí afárá. Wákàtí mẹ́ta ni ìyàwó mi fi dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, yìnyín ò jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ dókítà. Tverrvik ò lè kọ́ afárá láéláé.”

“O ò ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé?”

“Ẹ ò bá yọ mí nípò.”

“Kí ló dé tó o fi ní kí n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i?”

Anstein ò wo ojú rẹ̀. “Tí wọ́n bá ti rí orúkọ tìẹ, kò sẹ́ni tó máa fura sí mi.”

Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti jọ ń pẹja. “Wọ kóòtù rẹ. Àwọn ènìyàn wà ní gbọ̀ngàn. Ìwọ lo máa fẹnu ara rẹ sọ ọ́.”

Ó sọ ọ́. Màmá arúgbó kan, Dagny, ló dìde.

“Orúkọ wa dà?”

“Mo ti jó wọn, màmá.”

“Ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún tèmi kọ kó tó ṣeé kà,” ni màmá wí. “Ìwọ lo bá mi di ọwọ́ náà mú, Anstein.”