Ohùn Tó Ń Dáhùn Nílé Tí Mo Rà

Ẹni tó bá fẹ́, kó pè mí ní onírọ́. Ohun tí etí mi gbọ́ ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì ní bù mọ́ ọn. Fíríìjì ni mò ń tún ṣe. Etí ni mo fi ń jẹun. Bí ẹ̀rọ bá ń kùn, mo máa ń mọ ibi tó ti ń dùn ún kí n tó tú u. Ẹ má wá sọ fún mi pé atẹ́gùn ni.

Àwọn òbí mi ò gbé ilé ara wọn rí. Láti kékeré mi la ti ń kó ẹrù kiri, láti ilé onílé kan dé òmíràn. Lọ́dún tí ẹsẹ̀ Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ọmọ onílé tún ní kí wọ́n jáde, òun fẹ́ gbé ìyàwó òun wá síbẹ̀. Bàbá mi tẹríba. "Kò burú, sà." Ọmọ tí kò tó àbúrò mi! Inú bí mi dé góńgó. Mo búra lọ́jọ́ náà pé bàbá mi ò tún ní pe onílé kankan ní sà mọ́ láyé.

Mo rí ilé kékeré kan rà fún wọn, yàrá méjì àti pálọ̀, lọ́wọ́ agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ejẹ́ǹtì ní kí n fi orúkọ ọkọ mi sí i, torí obìnrin ni mí. Mo ní, "Ṣé ọkọ mi ló ń bá mi ru kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ kiri ni?" Orúkọ tèmi ni wọ́n kọ. Ọkọ mi gan-an rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́ la kó dé ibẹ̀. Àdúgbò dákẹ́. Iná ò tíì sí nínú ilé. Mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú, Bàbá bọ́ bàtà, ó na ọrùn wọlé. Ilé òfìfo ni o, ṣùgbọ́n bàbá mi ò lè wọ ibi kankan láì kí.

"Ẹ kú ilé o."

"Ẹ káàbọ̀, onílé."

Yàrá ẹ̀yìn ló ti wá. Ohùn àgbàlagbà. Jẹ́jẹ́. Kò kánjú.

Màmá gbá mi lápá mú. "Ta ló wà ńlé?"

"Bóyá kápẹ́ńtà ni."

Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Mo wo yàrá méjèèjì, mo wo ilé ìdáná. Kò sẹ́nì kankan. Eruku bo ilẹ̀, ipa ẹsẹ̀ mi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo fẹ́ ká jáde. Àmọ́ ibo la fẹ́ padà sí? Ọmọ onílé ti kó wọ yàrá tí wọ́n fi sílẹ̀.

Bàbá ní tirẹ̀ dúró láàárín pálọ̀, ó na ẹ̀yìn tààrà.

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó pè mí?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá agbẹ̀bí náà nílé ọmọ rẹ̀. Kí n tó jókòó ló ti béèrè.

"Ṣé ẹ kí i ni?"

"Bàbá mi ló kí i, Mà."

Ó mí kanlẹ̀. "Gbogbo ọdún tí mo fi gbé ibẹ̀, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà wọlé. Mi ò kí i rí."

"Ta ni, Mà?"

Ó ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ wo ìkòkò lórí iná. Kò jáde mọ́.

Mo bẹ Bàbá kó máa gba ẹ̀yìn wọlé. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Èmi? Ṣé olè ni mí, tí n ó máa gba ẹ̀yìn wọ ilé tí ọmọ mi rà?" Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ parí.

Bó ṣe di bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Bàbá á kí, ohùn á dáhùn. Màmá á kí, ohùn á béèrè pé, "Ẹsẹ̀ ńkọ́?" Màmá á ní ó ti ń lọ sílẹ̀. Òótọ́ sì ni, ó ń lọ sílẹ̀. Èmi nìkan ni ohùn náà kì í dá lóhùn. Ẹ̀rù ń bà mí, inú sì ń bí mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí àwọn méjèèjì lọ fi ẹsẹ̀ Màmá han dókítà nílé ìwòsàn, ni mo dá wá tún fíríìjì wọn ṣe. Nígbà tí mo pa á, gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, mo fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ gbọ́ o. Èmi ni mo ra ilé yìí. Orúkọ mi ló wà lórí ìwé. Àwọn òbí mi ò ní kó jáde níhìn-ín. Bí ẹnì kan bá máa dẹrù, ẹ̀yin ni."

Eṣinṣin tó ń kùn lójú fèrèsé pàápàá dákẹ́.

Mo kó irinṣẹ́ mi. Mi ò sáré. Mo ti di ilẹ̀kùn iwájú mú kí n tó gbọ́ ohùn náà, lẹ́yìn ọrùn mi báyìí.

"Wọn ò ní kó jáde. Yàrá kejì là ń tún ṣe."

"Fún ta ni?"

"Ìwọ náà á darúgbó."

Mo ṣí ilẹ̀kùn. "Mi ò tíì ṣetán."

"A ó dúró dè ọ́."

"Ẹ dúró dáadáa," ni mo wí. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo lọ gbé bàbá àti ìyá mi nílé ìwòsàn, mo sì mú wọn padà wá sílé.